Gìrì Ibà Lára Ọmọdé, àti Ohun tí Ọwọ́ Wa Ṣe



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò tíì pẹ́, bí a ti ń ti ilé ìsìn bọ̀ ní Owódé wa yìí, ìyá ọmọ kan dá wa dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìhà Mowe. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó sì bi wá léèrè pé, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ènìyàn lè fi pamọ́ sínú ilé de gìrì?" Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù 9. Àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀ ti ní kí ó tètè wá ìgò kan sílẹ̀, kí ó má baà jẹ́ ní òru ni yóò máa sáré kiri. A mọ ìgò tí wọ́n ń wí. A ti ní irú rẹ̀ nínú ilé wa rí. A sọ fún un pé àwa yóò fi ìwé ìròyìn dá a lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn ju èyí tí a lè sọ lórí ìdúró lọ. Àti pẹ̀lú, kí a má purọ́, ojú ń tì wá láti sọ ọ́ fún un ní ojúkojú.

Ìdáhùn náà nìyí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, ọmọ wa kẹta, ọkùnrin, pé ọdún 2 àti oṣù díẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀fọn sì pọ̀ bí wọ́n ti máa ń pọ̀ ní àgbègbè wa yìí, níbi tí àbàtà oko ìrẹsì kò jìnnà sí ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà jí pẹ̀lú ara gbígbóná. Kò jẹun. Ìyá rẹ̀ fún un ní parasitámọ́ọ̀lù, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún gbóná. A wí pé, bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo wa ni a wí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rí àléébù nínú rẹ̀.

Ní nǹkan bí aago 1 òru, ìyá rẹ̀ kígbe. Nígbà tí a fi máa gbé fìtílà dé ibẹ̀, ara ọmọ náà ti le gbagidi bí igi. Ojú rẹ̀ yí sókè tí ó fi jẹ́ pé funfun rẹ̀ nìkan ni a rí; eyín rẹ̀ pa pọ̀, ètè rẹ̀ dúdú, itọ́ ń hó ní igun ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà. A pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí lè rò pé òun yóò fara balẹ̀. Àwa ti sìnkú púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìjọ, a ti jókòó ti àwọn tí ń kú lọ, a sì ti rò pé ọkàn wa le. Ní òru ọjọ́ náà, àyà wa di omi.

Àwọn ará ilé jí, àwọn aládùúgbò sì wọlé. Ẹnì kan ní kí a fi ṣíbí sí i lẹ́nu kí ó má baà gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Àwa ni a gba ṣíbí náà. A fi agbára tì í, eyín iwájú kan sì ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ dà. Ẹlòmíràn ti gé àlùbọ́sà, ó ń fi í sí i nímú; ẹlòmíràn ń fi àdí pa á lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá aya wa, tí ó ń gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, wí pé ilẹ̀ tútù ni, pé ọmọ náà ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀, òtútù sì ti gba àtẹ́lẹsẹ̀ gun orí. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé orúkọ tí ọ̀pọ̀ ìyá ń pe àìsàn yìí nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé òtútù ni ó gba ẹsẹ̀ wọlé, kí ni yóò lé e jáde bí kò ṣe iná? Màmá kò ṣe aláìgbọ́n; ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò tọ́. Wọ́n kó ẹyin iná jọ. Ẹnì kan ní láti di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú sún mọ́ ọn, nítorí pé ẹsẹ̀ náà ń jà. Àwa ni a di í mú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni gìrì náà dáwọ́ dúró. Ara ọmọ dẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn. Gbogbo ilé dúpẹ́. Ẹni tí ó gé àlùbọ́sà gbà pé àlùbọ́sà ni. Ẹni tí ó fi àdí pa á gbà pé àdí ni. Màmá gbà pé iná ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó wo aago. Bí a bá ti wò ó ni, a ìbá rí i pé gbogbo rẹ̀ kò lè ju ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 lọ. Nígbà tí ó pẹ́ ni a tó mọ̀ pé bí gìrì ibà ti máa ń rí nìyẹn: ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ni í dá fúnra rẹ̀ kí ìṣẹ́jú 5 tó pé, bí a fọwọ́ kan ọmọ, bí a kò sì fọwọ́ kàn án. Ohunkóhun tí a bá ń ṣe lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú tí ó dá ni yóò gba ọpẹ́. Àwa rò pé nípa ọ̀nà yìí ni àlùbọ́sà, àdí, iná, ata ojú àti kẹrosíìnì fi di oògùn gìrì láti ìran dé ìran. Kò sí ẹni tí ó purọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n rí i kí ó dá.

Ṣùgbọ́n a kò tíì dé ibi tí ó burú. Kí gìrì náà má baà padà wá, Màmá mú ìgò jáde láti abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àgbo ìtọ̀ màlúù ni. Ó ka ọmọ náà sí orí ẹsẹ̀, ó sì rọ ọ́ fún un bí a ti ń rọ ọmọ lágbo ní ilẹ̀ wa, ìwọ̀n ṣíbí mélòó kan. Ọmọ tí kò tíì jí dáradára kò lè gbé nǹkan mì bí ó ti yẹ. Ó sín in níkọ́, ó wúkọ́, ó sì tún sùn. A padà sùn pẹ̀lú.

Nígbà tí àkùkọ kọ, ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó sì bá a ní tútù, òógùn bò ó. Ara gbígbóná ti lọ. Inú wa kọ́kọ́ dùn sí i! A pè é, kò dáhùn. A gbé e dìde, ọrùn rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn. A wọ́n omi sí i lójú, kò ṣẹ́jú.

A gun alùpùpù, ìyá rẹ̀ ní àárín, ọmọ láàrin wa. Ilé ìtọ́jú tí a kọ́kọ́ kàn, ẹ̀ṣọ́ nìkan ni a bá níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ṣàánú wa, ó bá wa wá ọkọ̀ tí ń kó irè oko lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀nà náà ti gùn tó, a kò tíì gbàgbé ìkòtò kan nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kan kò bi wá ní orúkọ, kò bi wá ní owó. Ó gún ọmọ náà ní ìka, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan, ó wò ó, ó sì sáré. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n wá iṣan rẹ̀ rí, wọ́n sì fi omi ṣúgà sí i lára. Kò tó ìdajì wákàtí tí ọmọ náà fi ṣí ojú, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A kò tíì gbọ́ orin tí ó dùn tó igbe náà láti ìgbà náà wá.

Dókítà dé, ó sì béèrè pé kí ni a fún ọmọ náà ní òru. Àwa tí a ń ka ìkéde fún ìjọ ní ohùn rara, a wo ilẹ̀. Màmá ni ó dáhùn pé, "Àgbo ni, Dókítà." Ó sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Dókítà náà kò bínú. Ó ṣàlàyé pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà, èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, lè mú kí ṣúgà lọ sílẹ̀; pé ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀ kò ní èyí tí yóò lò; àti pé àgbo náà tún wá fa ìyókù lọ. Òun kò lè pín in fún wa pé èyí tó báyìí, ìyẹn tó báyìí. Kuníìnì ni wọ́n ń lò fún irú ibà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì fà á sí i lára pẹ̀lú omi ṣúgà, nítorí kuníìnì pẹ̀lú a máa dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù. Ọjọ́ 5 ni a lò níbẹ̀. Ibà náà lọ láàrin ọjọ́ 3. Egbò ẹsẹ̀ tí iná jó ni ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ 6.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìgò náà, nítorí òun ni ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn béèrè. Ewé tábà, ááyù, efinrin, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni a ń gún tí a sì ń rẹ sínú ìtọ̀ màlúù. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti gbé e yẹ̀ wò láti nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, nítorí pé ọmọ tí a rọ ní àgbo yìí ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1975, Oyebola àti Elegbe tẹ ìwé jáde nípa májèlé inú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi eku dán an wò. Ní ọdún 1976, Ojewole àti Olusi fi hàn bí ó ti ń ṣe ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku tí ebi ń pa. Ní ọdún 1983, Oyebola tún kọ̀wé pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju 50 lọ nígbà tí a tú u wò, nikotíìnì inú tábà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó pọ̀ jù. Àgbo náà a máa tẹ ọkàn, èémí àti ọpọlọ rì, a sì máa fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gidigidi. Ẹ wò ó: ọmọ tí ó rọlẹ̀ lẹ́yìn àgbo, tí a ń wí pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń lọ ni.

A kò kọ èyí láti fi ewé àti egbò ilẹ̀ wa ṣe yẹ̀yẹ́. Efinrin wà nínú ọbẹ̀ wa lónìí. Àdí tí a fi pa ara ọmọ kò pa á lára; àdí tí a dà sí ọmọ tí ó dákú lẹ́nu ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n ìgò yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wá a.

Nísinsìnyí, kí ni gìrì gan-an? Gìrì ibà ni èyí tí ó ń mú ọmọ láti oṣù 6 títí di ọdún 5, nígbà tí ara bá gbóná nítorí àìsàn kan tí kì í ṣe inú ọpọlọ ni ó wà. Ọpọlọ ọmọ kékeré kò tíì gbó. Ooru ibà a máa mú kí ó hó dànù bí ìkòkò ẹ̀kọ tí iná rẹ̀ pọ̀ jù. Kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, kì í sì í ṣe ti àbíkú. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọmọ 2 sí 5 nínú 100 ni ó ń ṣe. Ní Japan a máa tó 8 nínú 100. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá tí ó bí wa lọ́mọ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ kan gbẹ́rẹ́ tí ó wà ní àyà wa láti kékeré, èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Gìrì ni wọ́n sín in fún.

Ẹ̀rù wárápá ni ó ń bá ọ̀pọ̀ òbí. Ní Amẹ́ríkà, Nelson àti Ellenberg tẹ̀lé àwọn ọmọ 1,706 tí gìrì ibà mú, títí wọ́n fi di ọmọ ọdún 7. Wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí ní ọdún 1976 àti 1978. Nǹkan bí 2 nínú 100 ni ó wá ní wárápá. Nígbà tí wọ́n sì fi àwọn ọmọ náà wé àwọn ọmọ ìyá wọn tí gìrì kò mú, òye wọn kò yàtọ̀. Gìrì tí ó kúrú, tí ó mú gbogbo ara, tí kò sì padà láàrin ọjọ́ kan, kò ba ọpọlọ jẹ́. Ó lè tún wá nígbà mìíràn. Nínú ọmọ 3, nǹkan bí ọ̀kan ni yóò tún ní in. Oògùn tí ń rọ ibà, bí parasitámọ́ọ̀lù, ń fún ọmọ ní ìtura, a sì gbọ́dọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò fi hàn pé ó ń dí gìrì lọ́nà. Nítorí náà, ìyá tí gìrì mú ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun pẹ́ fún un ní oògùn. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn dókítà a máa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní phenobarbital lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà wí ní ọdún 2008 pé ìpalára irú oògùn ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ fún ọmọ tí ó ní gìrì ibà tí ó kúrú. Ẹni tí ó bá rí èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ilé, kí ó má fi fún ọmọ.

Bí ẹ bá gbọ́ gbogbo èyí, ẹ lè wí pé kò sí ewu nígbà náà. Dúró ná. Ìtùnú yìí wà fún gìrì ibà lásán, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè mọ̀ lórí ibùsùn, ní òru, bóyá òun ni. Ní ilẹ̀ wa tí ẹ̀fọn ti ń jẹ wá, ibà ẹ̀fọn lè gun ọpọlọ, gìrì sì ni àmì rẹ̀. Àrùn awọ ọpọlọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis, a máa wá pẹ̀lú ibà àti gìrì bákan náà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pé gìrì lára ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná jẹ́ àmì ewu, tí a fi ní láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Gìrì náà fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láti pa ọmọ. Ohun tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ń pa á, ọwọ́ wa sì ń pa á pẹ̀lú.

Gìrì tún mú ọmọ wa ní oṣù Kíní ọdún 2009, ní ìgbà ọyẹ́. Ní ọjọ́ yìí, a tẹ́ ẹní sílẹ̀, a sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ́ ẹ, kí itọ́ àti èébì lè rí ọ̀nà jáde láì padà sínú èémí. A tú aṣọ ọrùn rẹ̀, a sì sún àga àti fìtílà kúrò nítòsí rẹ̀. A kò di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. A kò fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, nítorí pé kò sí ọmọ tí ó lè gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ahọ́n ti so mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wo aago. Ẹ̀yin ará, ìṣẹ́jú 2 ni! Ìṣẹ́jú 2 péré, ṣùgbọ́n kò sí ìwàásù tí ó gùn tó o. Aya wa jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó má baà nà án. Nígbà tí ó dá, ọmọ náà sùn díẹ̀, ó jí, ó mọ̀ wá, ó sì béèrè omi. A kò dúró de ọ̀la. A gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà ẹ̀fọn. Etí ni ó ń dùn ún, èyí ni ó fa ara gbígbóná.

Bí ìṣẹ́jú 5 bá pé tí gìrì kò dá, kí a gbé ọmọ náà sáré, kí a tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ bí a ti ń lọ. Oògùn wà ní ilé ìwòsàn tí ń dá a dúró, diazepam, tí a lè gba ihò ìdí fi sí i bí iṣan kò bá tètè yọ; dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni yóò fi ìwọ̀n ara ọmọ wọn ọ́n. Kí a sáré bákan náà bí gìrì bá mú apá kan ara nìkan, bí ó bá padà láàrin wákàtí 24, bí ọmọ kò bá jí kí ó mọ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, bí ọrùn rẹ̀ bá le, bí àwùjẹ̀ orí rẹ̀ bá wú, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bì láìdáwọ́ dúró, tàbí bí kò bá tíì pé oṣù 6. Àwọn yòókù, kí a gbé wọn lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Bí dókítà bá wí pé òun fẹ́ fa omi díẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọmọ yín sá. Àwọn kan ń wí pé omi yẹn ni ó ń sọ ọmọ di arọ. Àìsàn tí omi náà ń tú fó ni ó lè sọ ọ́ di arọ, bí a kò bá tètè mọ̀ ọ́n.

Nǹkan sì ti dára ju ti ìgbà wa lọ. Nígeria ti fi chloroquine sílẹ̀ fún ìtọ́jú ibà láti ọdún 2005. Fún ibà líle tí ń gun ọpọlọ, wọ́n fi artesunate àti kuníìnì wé ara wọn lára àwọn ọmọ 5,425 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, Ìlọrin wa níhìn-ín sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní ọdún 2010 ni àbájáde rẹ̀ jáde: nínú 100 ọmọ tí ó gba kuníìnì, nǹkan bí 11 kú, nínú 100 tí ó gba artesunate, nǹkan bí 8 àbọ̀. Ọmọ tí a gbé dé ọ̀dọ̀ wọn ni oògùn yìí lè ṣe ní oore, kì í ṣe èyí tí a ń fi àlùbọ́sà ra nímú nílé.

Nítorí náà, ọmọ wa obìnrin, ìwọ tí o béèrè: fi aago sí ibi tí o lè rí i ní òru. Ta àwọ̀n ẹ̀fọn sórí ibùsùn ọmọ rẹ ní gbogbo alẹ́. Fi owó ọkọ̀ sí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ná, kí o sì ní nọ́ńbà ẹnì kan tí ó ní ọkọ̀ tí yóò jí bí o bá pè é. Lọ wo, ní ọ̀sán, ilé ìwòsàn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní òru lójú ọ̀nà rẹ, kí o má baà ṣe bí àwa tí a bá ẹ̀ṣọ́. Bí àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ bá bínú, fi ìwé yìí hàn wọ́n, kí o sì wí pé Akọ̀wé ni ó kọ ọ́.

Kò dájú pé wọn yóò bínú. Nígbà tí a ti Abẹ́òkúta dé ní ọdún 2008, a jókòó ti Màmá, a sì ṣàlàyé ìgò náà fún un bí dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, kí ló dé tí ẹ kò ti sọ fún mi?" Ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó da ìgò náà nù, ó sì fọ̀ ọ́. Àwa kò ní èsì. Ọdún 12 ni a ti ń ka ìkéde ní ọjọ́ Ìsinmi nígbà náà, ìkéde ìgbéyàwó, ti owó àti ti ìkórè. A kò kéde èyí rí, nítorí a kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ náà ti ga jù wá lọ nísinsìnyí, ó ń múra ìdánwò láti wọ Yunifásítì. Àpá iná náà wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ òsì. A ti jẹ́ kí ó gbàgbọ́ láti kékeré pé omi gbígbóná ni ó dà sí i lẹ́sẹ̀. Kí a tó fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí Olóòtú, a fún un kà, ní abẹ́ igi máńgòrò tí ó wà níwájú ilé. Ó kà á, ó sì tún un kà. Ó béèrè pé, "Bàbá, ẹ kọ ọ́ síhìn-ín pé àwa ni a di ẹsẹ̀ mú. Àwa wo?"

A sọ fún un pé, "Èmi nìkan ni. Ìyá rẹ ti jáde, ó ń sunkún lóde."

Ó wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó sì dá a padà fún wa. Ó ní kí a fi ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n kí a fi kún un pé eyín tí ó ṣẹ́ yẹn ti hù padà.